Oògùn Tí A Pín Ní Ìdí Iléru

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà

N kò lu dókítà. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé mo lu dókítà, kó gbọ́ èyí náà: báàgì rẹ̀ ni mo dì mú. Ó fà á, èmi náà fà á. Nígbà tó pariwo pé kí n fi báàgì òun sílẹ̀, mo fi í sílẹ̀, òun ló sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nínú amọ̀. Amọ̀ ló lù ú. Ṣùgbọ́n lónìí, wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri ọjà pé àwa ará kòtò amọ̀ ti ṣá dókítà ládàá.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ báàgì nìyí. Láti ìgbà tí àwọn dókítà ti ń wá sí ibi tí a ti ń sun bíríkì, tí wọ́n ń fún àwọn tó ń wúkọ́ lóògùn, bí a ti ń ṣe gbogbo nǹkan náà la ṣe é. A kó oògùn gbogbo ìdí iléru wa sínú àwo tánganran kan, Bàbá Iléru tó ń bójú tó iná sì ń pín in. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá le jù ló ń gbà jù. Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í dá lá iyọ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ oògùn.

Lánàá ni dókítà gbọ́. Ojú rẹ̀ yí bìrí. Ó ní, "Ta ló ní kí ẹ pín in? Ẹ ti ba iṣẹ́ wa jẹ́!"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé oògùn kan náà ni ẹ ń fún gbogbo wọn?"

"Oògùn kan náà ni."

"Tó bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ló wá bà jẹ́ níbẹ̀?"

Ó gbé báàgì, ó kọjú sí ọkọ̀. Èmi sì fẹ́ gbọ́ èsì kó tó lọ. Ìdí tí mo fi di báàgì mú nìyẹn, kò sí òmíràn.

Iṣẹ́ wo ló bàjẹ́? Mo rò pé àwọn tó ń wúkọ́ ni iṣẹ́ wọn.

Òjò rọ̀ láti àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wúkọ́ títí ohùn rẹ̀ fi lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jókòó. Ó ní, "Orí kunkun rẹ yìí, ilé bàbá wa lo ti gbé e wá, n kò ní bá ọ du ú. Ṣùgbọ́n ṣé o rí ìyẹ̀fun inú garawa yẹn? Dókítà ló fún wa. Ọṣẹ tí ọmọ mi fi ń wẹ̀, dókítà ni."

Mo ní, "Ikọ́ yín ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ṣé dókítà ló fún yín ní ìyẹn náà?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. Èmi ni mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí àkàsọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi. Ọkùnrin yìí ló máa ń gbé mi kọ́rùn sọdá odò lọ sí ilé ìwé rí.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti so okùn aláwọ̀ ewé mọ́ ọn lọ́wọ́, bí wọ́n ti so ó mọ́ gbogbo àwọn tó ń wúkọ́ níbí. Wọ́n ní ẹni tó bá so okùn náà kò gbọdọ̀ lọ gba oògùn níbòmíràn, kí oògùn má baà bá oògùn jà. A gbà. Ọ̀rọ̀ tó bọ́gbọ́n mu ni létí wa.

Èédú tún ti wọ́n sí i. Àwọn tó ń tà á ní òjò ni.

Ọjọ́ Ẹtì

Òjò. Gbogbo bíríkì tútù tí a tò síta ti padà di amọ̀. A ṣiṣẹ́ fún ilẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Bàbá Iléru lọ bẹ dókítà lórúkọ gbogbo wa. Wọ́n gbà pé àwọn á máa wá, ṣùgbọ́n kálukú yóò máa gbé tirẹ̀ mì lójú nọ́ọ̀sì, yóò la ẹnu, yóò gbé ahọ́n sókè bí ẹṣin tí wọ́n fẹ́ rà.

Ariwo tó ń gé bíríkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ẹnu ọkùnrin yìí kì í sinmi, ìdí tí a fi ń pè é ní Ariwo nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó fi oògùn náà pamọ́ sí. Nígbà tí ọkọ̀ wọn lọ tán, tí a jókòó ti oúnjẹ, ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ wá tọ́ tèmi wò," ló wí. "Kò korò o! Ìyá mi ní èmi ni ààyò, mo máa ń rò pé ó ń tàn mí ni."

Bàbá Iléru ní, "Gbé ẹnu yẹn dákẹ́. Oògùn wo ni kì í korò?" Òun náà tó ń gba oògùn ikọ́ ti fi ìdajì tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ètè, nítorí kò tíì jáwọ́ nínú pínpín. Ó mú un jáde. Mo fi ahọ́n kàn án. Ó korò débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo tọ́ ti Ariwo wò: ṣọ́ọ̀kì. Ṣọ́ọ̀kì tí olùkọ́ wa ń fi kọ̀wé sára pátákó, mo jẹ ẹ́ tó nígbà tí mo wà lọ́mọdé, n kò lè ṣì í mọ̀.

Àwọn yòókù tí wọ́n ṣẹ́ tiwọn kù náà mú un wá. Àwọn kan korò, àwọn kan kò korò. Ojú kan náà, funfun kan náà. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò korò.

Àwọn kan wà nínú wa tí ikọ́ wọn ti ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí a ń pín in. A ti ń rò pé orí ló ń bá wọn ṣe é.

Ẹnikẹ́ni kò jẹun mọ́. Ariwo wo ojú wa lọ, wò ó bọ̀, ó ní, "Ó tán náà! Bí mo bá kú, ó kéré tán ẹ ó rí ṣọ́ọ̀kì fi kọ orúkọ mi." A rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run dárí jì wá, a rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé ìwòsàn ìlú. Owó ọkọ̀ ti gun òkè nítorí ọ̀nà tó bàjẹ́. Obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló wò.

"Ará kòtò?"

"Ènìyàn ni, mà. Ó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀."

"Mo rí okùn. Ẹ ní dókítà tiyín. Wọ́n ní ẹni tó bá so okùn yìí, ká má fọwọ́ kàn án."

Mo ní wọn ò ṣe nǹkan kan fún un. Ó ní kí n lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohùn sókè. Ẹ̀gbọ́n mi fa ẹ̀wù mi lẹ́yìn. Ó ní, "Jẹ́ ká máa lọ. Wọ́n ń wò wá."

Nínú ọkọ̀, ó fi aṣọ bo ẹnu títí a fi délé, kí àwọn èrò má baà ní kí wọ́n sọ̀ wá kalẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo mú wáyà tí a fi ń gé amọ̀, mo ní mo fẹ́ gé okùn náà kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní bí okùn bá lọ, ìyẹ̀fun lọ, ọṣẹ lọ, ọ̀gá tó ni ilẹ̀ á sì lé wa. Ó ní òun kò fẹ́ kú kí òun tún fi ebi sílẹ̀ fún ọmọ.

Mo ní, "Ẹ kò ní kú."

Ó ní, "Ìwọ ló máa sọ fún ikọ́?"

Ìyàwó wa, aya ẹ̀gbọ́n mi, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ yìí rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó wọlé. "Akọ́wé, ọkọ mi," bó ṣe ń pè mí nìyẹn nítorí pé mo ka ìwé díẹ̀, "ẹ bá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú." Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ṣé ìyẹ̀fun ni mo fẹ́ ẹ fún? Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹ̀fun ṣe, ṣé kí n fi sin ẹ́ ni?"

Òun fúnra rẹ̀ ló gé e. Ibi tí okùn wà funfun ju gbogbo ara ẹ̀gbọ́n mi lọ.

Ọjọ́ Àìkú

Ẹ̀jẹ̀ nínú aṣọ ìnujú. N kò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo bá nọ́ọ̀sì nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ amọ̀ kúrò ní bàtà rẹ̀. Ó rí mi, ó fa báàgì tirẹ̀ mọ́ra. Mo ní, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti fi báàgì sílẹ̀." Ẹ̀rín fẹ́ pa á.

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ní ẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Kí ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ wa?"

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ó ní oògùn rẹ̀ ti wà tipẹ́, pé ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìlú. "Wọ́n fẹ́ rí bó ṣe ń rìn nínú ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò bá dí i lọ́nà, kí wọ́n lè fi wé àwọn tó ń lo oògùn."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ àwa?"

Ó ní, "Wọ́n ní ibòmíràn, àwọn ẹbí á fa wàhálà. Wọ́n ní ará kòtò kò lẹ́bí nílùú yìí."

Mo ní kó wá sọ ọ́ níwájú àwọn ènìyàn. Omi dé ojú rẹ̀. Ó ní òun ní ọmọ mẹ́ta, òun nìkan ló ń tọ́ wọn. Ó lọ. N kò mọ̀ bóyá inú ń bí mi sí i tàbí àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Ó lè jẹ́ méjèèjì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ariwo kú láàárọ̀ yìí.

Ọkọ̀ dókítà dé kí àwọn ẹbí tó dé. Wọ́n ní àwọn á ra pósí, àwọn á gbẹ́ ilẹ̀, àwọn á ṣe gbogbo rẹ̀, bí ìyàwó rẹ̀ bá lè jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ gbé e lọ fún ọjọ́ díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo gbogbo wa lójú, ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó ní owó pósí nínú wa. Ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ.

N kò rí ẹnu bá a wí.

Ibi tí a ti ń gé bíríkì dákẹ́ rọ́rọ́ lónìí. Àṣé ọkùnrin yẹn nìkan ló kún ibẹ̀.

Ọjọ́bọ̀

Wọ́n gbé e dé. Wọ́n ti kan pósí pa, wọ́n ní kí a má ṣí i. A sin ín nínú òjò wínniwínni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀gá tó ni ilẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ó ń gé èékánná. "Dókítà ń sanwó àyè fún mi lóṣooṣù. Ìwọ ńkọ́, kí lò ń san? Ẹnu?" Ó ní kí n kẹ́rù mi kí oṣù tó ń bọ̀ tó dé ìdajì, èmi àti gbogbo ilé ẹ̀gbọ́n mi.

Àwọn tí a jọ ń jẹun kò fẹ́ kí wọ́n rí wọn pẹ̀lú mi mọ́. Wọ́n ní kí ló dé tí mo fi tọ́ oògùn wò, ṣé èmi ni mò ń wúkọ́? Bàbá Iléru jókòó ti iná, ó kẹ̀yìn sí wa. Mo lọ bá a. Ó ní, "Èmi ni mo pín in. Ìdajì oògùn ni mo fún ẹni tó yẹ kó gba odindi, mo fi ṣọ́ọ̀kì kún un. Èmi ni mo pa ọmọ yẹn."

Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. N kò mọ bí a ti ń tu àgbà nínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù Keje

Mo dúró ti ọkọ̀ Dókítà Àgbà, obìnrin tó jẹ́ olórí ilé ìwòsàn ìlú, títí ó fi jáde. Mo na ọwọ́ méjèèjì síta kó lè rí i pé n kò fẹ́ di báàgì ẹnikẹ́ni mú.

Ó ní, "Ìwọ lo lu dókítà ikọ́."

Mo ní, "Mà, ẹ fún mi láyè díẹ̀." Mo sọ gbogbo rẹ̀: èyí tó korò, èyí tí kò korò, bí wọ́n ti lé wa lẹ́nu ọ̀nà wọn, pósí Ariwo. Ó fi ẹ̀yìn ti ọkọ̀. Ó ní wọ́n sọ fún àwọn pé gbogbo wa ló ń gba ìtọ́jú, pé a mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, pé a fọwọ́ sí i.

"Àtàǹpàkò ni wọ́n ní kí a tẹ̀, mà. Wọ́n ní ti ọṣẹ ni."

Ó bú dókítà náà ní ọ̀rọ̀ kan tí n kò rò pé ẹni bíi tirẹ̀ mọ̀. Mo bi í nípa pínpín tí a pín oògùn. Kò purọ́ fún mi. Ó ní kò dára, pé oògùn tí kò pé máa ń jẹ́ kí ikọ́ náà le sí i. "Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ tí kò sọ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò mọ̀."

Mo ní kó gba ẹ̀gbọ́n mi wọlé lónìí. Ó ní àdéhùn ló wà láàárín ilé ìwòsàn àti àwọn dókítà náà, pé ìgbìmọ̀ nìkan ló lè tú u, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa jókòó. "Bí ìwọ nìkan bá wá, wọ́n á ní ọmọ oníjà ni ọ́. Kó àwọn tí wọ́n ṣe é fún wá. Kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́."

Ọjọ́ Ẹtì jìnnà fún ẹni tó ń mí bí ẹ̀gbọ́n mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Mo ti kanlẹ̀kùn gbogbo yàrá tó wà nínú kòtò yìí. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ọ̀kan ní òun kò gbọ́ irú èdè tí wọ́n ń sọ nípàdé. Ọ̀kan ní tòun korò, ara òun sì ti ń yá, kí ni kí òun wá wí? Ìyàwó Ariwo tilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Bàbá Iléru ṣì kẹ̀yìn sí mi.

Ìyàwó wa ti fọ aṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi máa wọ̀ lọ́la. Kò gbẹ. Ó ń fi ooru ìkòkò gbẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má ṣe bínú sí àwọn ènìyàn. Mo ní n kò bínú. Irọ́ ni mo pa.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kárùn-ún

Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ èyí. Oòrùn ọ̀sán ti mú.

Dẹ́rẹ́bà tó ń kó bíríkì ló gbé wa wá láàárọ̀. Kò gba owó. Ó ní ọ̀nà yẹn náà lòun ń lọ, irọ́ sì ni, kò sí bíríkì lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀.

Dókítà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ó ní gbogbo wa lòun tọ́jú. Ó ní àwa fúnra wa la ba oògùn jẹ́, a dà á pọ̀, a bù ú pín bí ẹni ń pín ẹran, pé bí ẹnikẹ́ni bá kú, kí wọ́n bi ẹni tó pín in. Àwọn ìgbìmọ̀ ń mi orí.

Alága ní kí n sọ tèmi. Mo sọ ọ́. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo lù wọ́n?" Mo ní, "Báàgì ni mo dì mú, sà." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Alága ní, "Ta tún ló lè jẹ́rìí sí èyí yàtọ̀ sí ilé rẹ?"

Mo gbọ́ ikọ́ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn mi. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Iléru wọlé, amọ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó fẹsẹ̀ rìn wá. Kò dúró kí wọ́n pè é.

Ó ní, "Mo gbọ́ látìta pé ẹ ń wá ẹni tó pín oògùn. Èmi rèé. Àwo kan náà la ti ń jẹun, mo sì bù ú bí mo ti ń bu oúnjẹ." Ó kọjú sí dókítà. "Ká ní ẹ sọ fún mi pé ọ̀kan jẹ́ oògùn, ọ̀kan jẹ́ ṣọ́ọ̀kì, ṣé ẹ rò pé mo jẹ́ bù ú bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin mọ̀. Èmi kò mọ̀. Mo ti gbé tèmi wá, n kò sá fún un. Ẹ gbé tiyín náà wá, ká jọ gbé e kalẹ̀, kí àwọn ènìyàn yìí wò ó, èwo ló pa Ariwo."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé iwájú rẹ̀. Ohùn obìnrin kan wá láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹ bi í kí ni wọ́n yọ lára ọkọ mi." Ìyàwó Ariwo ni. Kò wọlé. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó tún un sọ: "Ẹ bi í."

Alága bi í. Dókítà kó ìwé rẹ̀ jọ sínú báàgì.

Ìgbìmọ̀ ti tú àdéhùn náà. Dókítà Àgbà fúnra rẹ̀ ló rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, tó sọ fún obìnrin tó wà níbẹ̀ pé kó má wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ní ẹjọ́ dókítà yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ju àwọn lọ. N kò mọ̀ bóyá yóò dé ibẹ̀. A kò tíì mọ ibi tí a ó máa gbé nígbà tí ọ̀gá bá lé wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ti rí ibùsùn, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀. Dókítà Àgbà ní apá kan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́, pé apá kejì làwọn máa jà fún. Mo ní ṣé yóò yè. Ó ní kí n bi òun lẹ́yìn oṣù méjì. Àyà mi kò tíì balẹ̀.

Mo ti ń ka àwọn tó dúró tì wá. Ìyàwó wa, ọ̀kan. Bàbá Iléru, méjì. Ìyàwó Ariwo, bí kò tilẹ̀ wọlé, mẹ́ta. Dókítà Àgbà. Dẹ́rẹ́bà, tó ní òun kàn jókòó nínú ọkọ̀ ni, síbẹ̀ tí kò lọ títí ìpàdé fi parí, mo kà á. Nọ́ọ̀sì kò wá. N kò kà á, n kò sì bú u.

Mo ka orúkọ wọn fún ẹ̀gbọ́n mi létí ibùsùn, mo fi tirẹ̀ kún un. Ó ní kí n yọ òun kúrò, pé ẹni tó dùbúlẹ̀ kò dúró ti ẹnikẹ́ni.

Mo ní ó dúró. Nígbà tí alága bèèrè pé èwo nínú wa ni aláìsàn náà, ìyàwó wa fẹ́ nawọ́ gbé e dìde, ẹ̀gbọ́n mi gbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó di ògiri mú, ó sì dìde fúnra rẹ̀.

Mo kà á.